Oògùn tàbí Òógùn? Ẹ̀kọ́ Kékeré lórí Kẹ́mísírì àti Bí A Ṣe Ń Mọ Ojúlówó Oògùn

Ní ìparí ọdún 2008, ọmọ ọdún márùn-ún ni mí. Àbúrò mi ọkùnrin ń hu eyín. Ohun tí mo rántí kò pọ̀: rédíò ń sọ̀rọ̀, màmá mi dìde, wọ́n kó gbogbo ìgò oògùn olómi tó wà nínú ilé, wọ́n dà wọ́n sí gọ́tà ẹ̀yìnkùlé, wọ́n sì fọ́ àwọn ìgò náà mọ́lẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà mú wọn lò. Àbúrò mi sunkún mọ́jú. Omi àti ọmú nìkan ni wọ́n fún un.

Ní oṣù tó kọjá, mo bi màmá mi nípa ọjọ́ yẹn. Wọ́n ní, "Oògùn ni wọ́n fi pa àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Ìgò jọ ìgò, omi inú rẹ̀ jọra. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ èyí tó dáa níbẹ̀?"

Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ dáhùn níbí. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, mo mọ ohun tí ẹ máa sọ: kí ló kan ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè nínú oògùn? Iṣẹ́ àṣekágbá mi dá lórí èdè Yorùbá tí a lè kọ sára páálí oògùn kí ará ilé lè kà á yé. Mo rò pé ìtumọ̀ lásán ni. Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ ìmọ̀ oògùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ohun tí mo fẹ́ túmọ̀ fún mi, mo rí i pé mi ò mọ nǹkan kan. Mo tún rí i pé ohun tí a ti kọ́ ní ẹ̀ka wa ló jẹ́ kí ó tètè yé mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ẹ̀kọ́ yìí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀

Orúkọ oògùn tí rédíò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni My Pikin. Oògùn olómi tí wọ́n ń fún ọmọ tó ń hu eyín ni, paracetamol sì wà nínú rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2008, ìròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nípa àwọn ọmọ kéékèèké tí kò lè tọ̀ mọ́. Wọ́n ń bì, ara wọn gbóná, kíndìnrín wọn sì dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Nígbà tí yóò fi di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009, iye ọmọ tí ìjọba kéde pé ó kú jẹ́ 84.

Paracetamol kọ́ ló pa wọ́n. Paracetamol kì í fẹ́ yòrò dáadáa nínú omi lásán, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ ṣe é ní olómi ní láti wá ohun mìíràn tí yóò bá a yòrò, tí kò sì ní pa ọmọ lára. Propylene glycol jẹ́ ọ̀kan lára ohun tí wọ́n sábà máa ń lò. Ohun tó wọ inú My Pikin ni diethylene glycol. Ọwọ́ oníṣòwò kẹ́míkà kan ní Èkó tí kò níwèé àṣẹ ni wọ́n ti rà á, orúkọ propylene glycol ni ó sì fi tà á. Diethylene glycol ní iṣẹ́ tirẹ̀: wọ́n ń lò ó nínú omi bíréèkì ọkọ̀, àti nínú omi tí kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì dì ní ìlú olótùútù. Bí ènìyàn bá mu ún, ara yóò sọ ọ́ di ásíìdì tó ń ba kíndìnrín jẹ́.

Èyí kọ́ ni ìgbà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ní ọdún 1990, kẹ́míkà yìí kan náà wà nínú oògùn paracetamol olómi tí àwọn ọmọdé mu ní Ìbàdàn àti ní Jos. Ní Jos nìkan, ọmọ 47 ni àwọn dókítà kọ ìròyìn wọn. Ní 1993 ni òfin tó dá NAFDAC sílẹ̀ jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò sì tíì tán láyé: ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kéde ìkìlọ̀ lórí oògùn ikọ́ olómi mẹ́rin ní orílẹ̀-èdè Gambia, lẹ́yìn tí ọmọ 66 ti kú. Diethylene glycol àti ẹbí rẹ̀ kan, ethylene glycol, ni wọ́n bá nínú wọn.

Gígé orúkọ kẹ́míkà sí mọ́fíìmù

Ẹ wo orúkọ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan sí i: propylene glycol, diethylene glycol. Ẹni tí kò kọ́ kẹ́mísírì rí yóò rò pé wọ́n kàn to lẹ́tà jọ ni. Ṣùgbọ́n àwa tí a ti jókòó ní kíláàsì mofọ́lọ́jì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ gígùn kì í dẹ́rù bani bí a bá ti mọ ibi tí a ó ti gé e. A máa ń gé oníṣòwò sí oní-, ṣe àti òwò. Orúkọ kẹ́míkà náà ṣe é gé.

Kí a tó gé e, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tó ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Átọ́mù ni ẹyọ ìpìlẹ̀. Ẹ fi wé fóníìmù. Bí átọ́mù bá so mọ́ ara wọn, wọ́n di mólékù. Ẹ fi ìyẹn wé ọ̀rọ̀. Fóníìmù kì í sì í so pọ̀ bó ṣe wù ú. Nínú Yorùbá, sílébù kì í parí sí kọ́ńsónáǹtì. Átọ́mù náà ní òfin tirẹ̀: kábọ́nù ní ọwọ́ mẹ́rin tó fi ń di ẹlòmíràn mú, ọ́síjìn ní méjì, háídírójìn ní ẹyọ kan. Ọwọ́ kankan kò gbọdọ̀ ṣófo. Ọ̀pọ̀ kẹ́míkà inú oògùn ni kò ju àkópọ̀ àwọn mẹ́ta yìí àti àwọn díẹ̀ mìíràn lọ.

Ó yá, àwọn mọ́fíìmù:

meth- : kábọ́nù kan
eth- : kábọ́nù méjì
prop- : kábọ́nù mẹ́ta
but- : kábọ́nù mẹ́rin
di- : ohun tó tẹ̀lé e jẹ́ méjì
glyc- : dídùn, láti inú èdè Gíríìkì; òun náà ló wà nínú glycerol
-ol : ọ́síjìn kan tó fi ọwọ́ kan di kábọ́nù mú, tó fi èkejì di háídírójìn mú

Nítorí náà, propylene glycol ń sọ fún wa pé òun ní kábọ́nù mẹ́ta, àti pé òun dùn lẹ́nu. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ni C3H8O2: kábọ́nù mẹ́ta, háídírójìn mẹ́jọ, ọ́síjìn méjì. Diethylene glycol ń sọ pé kábọ́nù méjì lọ́nà méjì ni òun ní, ìyẹn mẹ́rin, òun náà sì dùn lẹ́nu. C4H10O3 ni tirẹ̀. Ẹ rí i pé ibi tí ewu ti wọlé nìyẹn: mọ́fíìmù glyc- wà nínú méjèèjì. Àwọn méjèèjì dùn, ọmọdé kò ní tu èyíkéyìí nínú wọn dànù.

Ẹ kíyè sí -ol pẹ̀lú. Ó ń sọ ẹbí tí kẹ́míkà kan ti wá, kò sọ ìwà rẹ̀. Ethanol ni ọtí tó wà nínú ẹmu àti ògógóró. Methanol yàtọ̀ sí i ní mọ́fíìmù kan péré, kábọ́nù kan dípò méjì. Ara ń sọ ethanol di ohun tó lè lò. Ó ń sọ methanol di formic acid, tó ń ba iṣan ojú jẹ́. Ní ọdún 2015, ní agbègbè Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé orí ń fọ́ àwọn, ojú àwọn kò ríran mọ́, láàárín wákàtí díẹ̀ wọ́n sì kú. Àwọn kan ní òrìṣà ló ń bínú. Nígbà tí àyẹ̀wò jáde, methanol ló wà nínú ọtí tí wọ́n mu. Ojú lásán kò lè dá òun àti ethanol mọ̀ yàtọ̀.

Adé pa ejò, ejò pa Adé

Kíka átọ́mù nìkan kò tó. "Adé pa ejò" àti "Ejò pa Adé" ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta kan náà, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ ilé tí wọn yóò ti ṣòkú nínú méjèèjì. Bí a ṣe to ọ̀rọ̀ nínú gbólóhùn ló ń sọ ẹni tó pa àti ẹni tó kú.

Mólékù náà rí bẹ́ẹ̀. Mú kábọ́nù méjì, háídírójìn mẹ́fà àti ọ́síjìn kan. Bí o bá to àwọn kábọ́nù tẹ̀lé ara wọn, tí ọ́síjìn wà ní ìparí, ethanol ni o ní, ohun olómi tó ń hó ní ìwọ̀n 78 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí o bá ti ọ́síjìn sí àárín àwọn kábọ́nù méjèèjì, ó di dimethyl ether, tó jẹ́ gáàsì nínú yàrá tí a jókòó sí yìí. Kò sí átọ́mù tó lé, kò sí èyí tó dín. Síńtáàsì wọn ló yàtọ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe ìwádìí oògùn kì í fi í gba kíka átọ́mù gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Wọ́n fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe tò ó.

Àmì ohùn tí ojú kò rí

Ẹ kọ ọ̀rọ̀ yìí láìfi àmì sí i: oogun. Kí ni mo kọ? Ó lè jẹ́ oògùn tí dókítà fún wa, ó sì lè jẹ́ òógùn tó ń ṣàn lójú wa lọ́sàn-án gangan. Lẹ́tà kan náà ni, àmì ohùn ló là wọ́n. Bí ẹni tó kọ ọ́ bá ti yọ àmì náà kúrò, àwa tí à ń kà á yóò kàn máa méfò ni.

Propylene glycol àti diethylene glycol tó wà nínú dúrọ́ọ̀mù dà bí ọ̀rọ̀ tí a kò fi àmì ohùn sí. Méjèèjì mọ́ gaara bí omi, méjèèjì ki díẹ̀, méjèèjì dùn, kò sí èyí tó ní òórùn tó pọ̀. Ohun tó wà lára dúrọ́ọ̀mù ni orúkọ tí ẹnì kan lẹ̀ mọ́ ọn, a sì mọ̀ pé ìwé tí a lẹ̀ ṣeé ṣí kúrò, ó sì ṣeé fi òmíràn rọ́pò. Yàrá àyẹ̀wò ló ń fi àmì ohùn sí i.

Ọ̀kan lára ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é ni chromatography. Ẹ lè gbìyànjú rẹ̀ ní họ́sítẹ̀lì. Ẹ gé tíṣù funfun tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi máká dúdú tí omi lè fọ̀ tọ́ ojú kan sí nǹkan bí ìka méjì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ wá ki ẹnu ìsàlẹ̀ náà bọ omi díẹ̀ nínú ife, kí omi má kan ojú máká náà. Omi yóò máa gun tíṣù lọ, yóò sì máa fa máká náà dání. Láìpẹ́ ẹ ó rí i pé ohun tí a pè ní dúdú ti pín sí àwọ̀ bíi mélòó kan. Èyí tó fẹ́ràn omi jù ti bá omi lọ jìnnà, èyí tó fẹ́ràn tíṣù jù ti dúró lẹ́yìn.

Apoògùn ń ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú ohun èlò tó dára ju tíṣù lọ. Ó máa kán propylene glycol tó dájú sí ojú kan, diethylene glycol tó dájú sí ojú kejì, ó máa kán ohun tí oníṣòwò gbé wá sí ojú kẹta, kí ó tó jẹ́ kí gbogbo wọn gòkè lọ pa pọ̀. Bí ojú kẹta bá bá èkejì dọ́gba, ó ti rí i. Ìwọ̀n tí ìlànà oògùn Amẹ́ríkà gbà láàyè fún diethylene glycol nínú propylene glycol tàbí glycerol tí a fẹ́ fi ṣe oògùn kò ju 0.10% lọ. Ìyẹn ni pé nínú gíráàmù 1,000, kò gbọdọ̀ ju gíráàmù kan lọ.

Ọ̀rọ̀ kan tí ìjọba rí dì mú

Èyí tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1937 ni mo fẹ́ràn láti máa sọ fún àwọn ará kíláàsì mi tó ń bèèrè pé kí ni sẹ̀máńtíìkì wúlò fún.

Ilé iṣẹ́ S. E. Massengill ní ìlú Bristol, ìpínlẹ̀ Tennessee, ń ta oògùn tó ń jẹ́ sulfanilamide. Oògùn gidi ni. Ó ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀nà ọ̀fun tí kòkòrò ti wọ̀, wọ́n sì ti ń lò ó ní oníhóró àti ní ìyẹ̀fun láìsí wàhálà. Àwọn oníbàárà ní olómi làwọn fẹ́. Ọ̀gá àwọn kẹ́mísítì ibẹ̀, Harold Cole Watkins, wá ohun tí yóò yọ́ ọ, ó sì rí i pé diethylene glycol ń yọ́ ọ dáadáa. Wọ́n fi adùn èso raspberry sí i. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò: wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n wo àwọ̀ rẹ̀, wọ́n gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó yege nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò sẹ́ni tó bèèrè bóyá ó lè pa ènìyàn, nítorí òfin ìgbà yẹn kò ní kí ẹnikẹ́ni bèèrè. Diethylene glycol kó ìdá 72 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó wà nínú ìgò. Àwọn tó kú lé ní ọgọ́rùn-ún, ọ̀pọ̀ ọmọdé sì wà nínú wọn.

Nígbà tí àjọ FDA fẹ́ gbé oògùn náà kúrò lọ́jà, wọ́n rí i pé òfin kò fún wọn ní àṣẹ láti gba oògùn kan torí pé ó ń pa ènìyàn. Ẹ̀sùn kan ṣoṣo tí wọ́n rí dì mú ni ti orúkọ. Elixir Sulfanilamide ni ilé iṣẹ́ náà pè é. Lẹ́nu àwọn apoògùn, elixir túmọ̀ sí oògùn tí a fi ọtí yọ́, kò sì sí ọtí nínú èyí. Ká ní Solution ni wọ́n kọ sára ìgò, FDA kì bá tí ní ẹsẹ̀ tí wọn yóò fi dúró. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan ni àwọn òṣìṣẹ́ 239 fi jáde, tí wọ́n ń tọ ìwé ìtajà láti ilé ìtajà dé ilé dókítà, láti ilé dókítà dé ilé aláìsàn. Nínú gálọ́ọ̀nù 240 tí wọ́n ṣe, wọ́n rí nǹkan bí 234 gbà padà. Ìyókù ti wọ inú àwọn tó kú. Ní oṣù kẹfà ọdún 1938, òfin tuntun jáde: ẹni tó bá fẹ́ ta oògùn tuntun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi hàn pé kò léwu.

Ẹ̀kọ́ tí ọ̀rẹ́ mi fà yọ níbẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi: yàrá àyẹ̀wò kì í dáhùn ju ìbéèrè tí a bi í lọ. Wọ́n béèrè adùn, wọ́n gba èsì adùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí a bá mú irú ṣírọ́ọ̀pù ọdún 2008, tí a béèrè pé "Ṣé paracetamol wà nínú rẹ̀?", èsì tí a ó gbà ni "Bẹ́ẹ̀ ni," òótọ́ sì ni. Wíwá ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí wíwá ohun tí kò yẹ kó wà níbẹ̀. Iṣẹ́ méjì ni.

Àyẹ̀wò àti ìdánilójú

Nínú iṣẹ́ oògùn, ohun méjì wà tí àwa ará ìta máa ń pè ní ohun kan. Àkọ́kọ́ ni àyẹ̀wò: a mú díẹ̀ nínú ohun tí a ṣe, a dán an wò. Èkejì ni ìdánilójú: gbogbo ètò tó mú kí ó ṣòro fún ohun burúkú láti wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyá àgbà mi ń ṣe èlùbọ́. Bí ẹ bá bá wọn ní ibi tí wọ́n ti ń ro àmàlà, tí ẹ tọ́ ọ wò, àyẹ̀wò nìyẹn. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣa iṣu tó rà kúrò kí wọ́n tó bó o, wọ́n ti ṣọ́ omi tí wọ́n fi bọ̀ ọ́, wọ́n ti sá a síbi tí ewúrẹ́ kò lè dé, wọ́n sì mọ ẹni tí àwọn ra iṣu lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdánilójú nìyẹn. Bí iṣu bá ti rà láti oko, títọ́ àmàlà wò kò lè sọ ọ́ di rere mọ́.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ilé iṣẹ́ oògùn nìyí, ní ṣókí:

1. Wọ́n máa ń mọ ẹni tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ń gba ìwé ẹ̀rí lórí ohun tó tà.
2. Wọn kì í gba ìwé ẹ̀rí náà gbọ́ lásán. Wọ́n ń mú díẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ̀kán kan tó wọ inú oògùn. Ìgbésẹ̀ yìí nìkan ì bá dá ikú ọdún 2008 dúró.
3. Ohun tí a kò tíì yẹ̀ wò kì í bá èyí tí a ti gbà gbé pọ̀ sí ojú kan.
4. Gbogbo ohun tí wọ́n bá ṣe ni wọ́n ń kọ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀: ta ló wọ̀n ọ́n, mélòó, ní aago mélòó. Òwe wọn ni pé ohun tí a kò kọ, a kò ṣe é.
5. Oògùn tí wọ́n ṣe pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ń gba nọ́ńbà kan náà. Bí ìṣòro bá dé, nọ́ńbà yìí ni wọn yóò fi wá gbogbo wọn padà.
6. Wọ́n ń tọ́jú díẹ̀ nínú rẹ̀ pamọ́, kí wọ́n lè tún un yẹ̀ wò bí ẹnikẹ́ni bá ráhùn.
7. Ẹni tó ń ṣe oògùn kọ́ ni ẹni tó ń fọwọ́ sí i pé kó jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ fún ìwádìí ẹ̀ka-èdè, ṣé ìkẹrin yẹn kò dún bí ohùn olùkọ́ wa? "Ta ló sọ ọ́? Ọmọ ọdún mélòó ni? Ìlú wo? Ọjọ́ wo?" Dátà tí kò ní ìdáhùn sí ìwọ̀nyí, wọn kì í jẹ́ kí a lò ó.

Ibi tí iṣẹ́ tiwa ti bẹ̀rẹ̀

Oògùn lè jẹ́ ojúlówó títí dé orí àtẹ, kí èdè wá bà á jẹ́ nílé. Nínú ìtumọ̀ àkọ́kọ́ tí mo ṣe fún iṣẹ́ mi, mo kọ pé: "Fún ọmọ ní ṣíbí kan, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́." Inú mi dùn sí i. Mo kà á fún màmá mi. Wọ́n na ọwọ́ sí àwo, wọ́n mú ṣíbí tí a fi ń jẹ ìrẹsì.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí mílílítà márùn-ún ṣírọ́ọ̀pù kan bá ní mílígíráàmù 120 paracetamol, ṣíbí kékeré tó gba mílílítà márùn-ún yóò fún ọmọ ní 120. Ṣíbí ńlá tó gba mílílítà 15 yóò fún un ní 360. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, 360 ti di 1,080. Kò sí kẹ́míkà búburú kankan nínú ìgò náà. Ọ̀rọ̀ "ṣíbí" tí èmi kọ ló sọ oògùn di ìlọ́po mẹ́ta. Gbólóhùn mi ti yí padà báyìí: "Fi ife kékeré tó bá ìgò yìí wá wọ̀n ọ́n dé ojú ìlà 5."

Òmíràn kan ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ wà lókè òkun. Orúkọ kẹ́míkà gígùn kan wà: para-acetylaminophenol. Nàìjíríà àti Bìrìtìkó gé e kúrú sí paracetamol. Amẹ́ríkà gé ibòmíràn nínú rẹ̀, wọ́n ní acetaminophen. Orúkọ Tylenol pàápàá, inú ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ti gé e. Ohun kan ṣoṣo ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ẹ bá fi Tylenol ránṣẹ́ sí ìyá yín nílé, tí wọ́n lò ó fún ara ríro, tí wọ́n sì tún lo paracetamol fún ibà, wọ́n ti lo oògùn kan lẹ́ẹ̀mejì láìmọ̀, ẹ̀dọ̀ ni yóò sì jìyà rẹ̀ bí ó bá pọ̀ jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n, kí ẹ sọ fún wọn.

Mo padà sọ́dọ̀ màmá mi pẹ̀lú ìdáhùn ìbéèrè wọn. Mo ní kí wọ́n máa ra oògùn ní ilé oògùn tó níwèé àṣẹ, kí wọ́n wo nọ́ńbà NAFDAC, nọ́ńbà tí wọ́n fi ṣe é àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, kí wọ́n sì họ ojú ibi tí ó bá ní nọ́ńbà tí a ń fi ránṣẹ́ lórí fóònù. Wọ́n gbọ́ mi dé òpin. Wọ́n wá ní, "Bí mo bá sì ṣe gbogbo rẹ̀, ṣé mo lè rí ohun tó wà nínú omi yẹn?"

Mo ní, "Rárá, mà. Ẹ ò lè rí i."

Òótọ́ ni. Kò sí ìyá tó lè fi ojú rí diethylene glycol. Ẹni tó ra dúrọ́ọ̀mù nìkan ló lè rí i, bí ó bá yẹ̀ ẹ́ wò. Torí kí ìyá má baà máa da oògùn sí gọ́tà ni gbogbo ìgbésẹ̀ méje yẹn fi wà.

Ìdánrawò

1. Kábọ́nù mélòó ló wà nínú propanol? Nínú butanol ńkọ́? Kí ni -ol ń sọ fún ọ nípa wọn, kí sì ni kò sọ?
2. Ohun èlò kan wọn kílógíráàmù 50. Bí diethylene glycol kò bá gbọdọ̀ ju 0.10% lọ nínú rẹ̀, gíráàmù mélòó ni òpin rẹ̀?
3. Mú páálí oògùn kan nílé yín. Túmọ̀ gbólóhùn tó sọ bí a ṣe ń lò ó sí Yorùbá, kà á fún àgbàlagbà kan tí kò ka ìwé gẹ̀ẹ́sì, kí o sì wò ó bí yóò ṣe ṣe é. Má ràn án lọ́wọ́. Kọ ohun tí o rí sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ fi ìdáhùn kẹta ránṣẹ́ sí olóòtú wa. Mo nílò rẹ̀ fún iṣẹ́ mi, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa yóò sì nílò rẹ̀ pẹ̀lú.